Tírélà kékeré tí wọ́n jó fún mi ní Kàbbà: ohun tó wù mí àti ohun tí mo ní kí wọ́n tún ṣe

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí mo ti ń fa tírélà kékeré yìí lẹ́yìn Hilux mi láàárín Ìyàrá, Kàbbà àti Mọ̀pà ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é, iye tó jẹ́, àti bóyá kò léwu. Mo ti dáhùn lọ́jà, mo ti dáhùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dáhùn nílé epo. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ náà ju ká rí irin kó jọ ká sì jó o pọ̀ lọ.

Iṣẹ́ gààrí ni mò ń ṣe. Mo máa ń lọ kó ẹ̀gẹ́ lóko àwọn àgbẹ̀ ní apá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ àti Mọ̀pà, màá sì kó o wá síbi tí a ti ń rin ín ní Ìyàrá. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró deni. Bí wọ́n bá ti wú u, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹ̀yìn Hilux nìkan kò gba ohun tí mo ń rà, ọkọ̀ akẹ́rù tí a ń háyà kì í sì í dé lásìkò tó bá ṣèlérí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ẹni tó máa jó tírélà onítáyà méjì fún mi.

Wẹ́dà tí mo kọ́kọ́ lọ bá, mi ò ní sọ ìlú tó wà, ní kí n wulẹ̀ gbé ọkọ̀ wá, pé òun á jó bọ́ọ̀lù ìfà, irin olórí roboto tí ẹnu tírélà máa ń gbá mú, mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn kí n tó jẹun tán. Mo dúpẹ́, mo sì yí ọkọ̀ mi padà. Irin pẹlẹbẹ ni bọ́ńpà. Wọ́n fi síbẹ̀ kó lè gba ìkọlù díẹ̀ àti kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè lẹ́wà, kò sí ẹni tó ṣe é fún fífa ẹrù.

Ọ̀gá wẹ́dà tó padà ṣe é wà ní Kàbbà, lápá ọ̀nà tó já sí Ọbájànà. Ẹ má retí ilé ńlá níbẹ̀. Páànù lórí òpó ni, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan, irin tí wọ́n tò jọ, àti àwọn ọmọṣẹ́ tó ń fọ ojú irin. Ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé kò fọwọ́ kan téèpù rárá kó tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ wo ni? Ẹrù wo ni? Ojú ọ̀nà wo ni mo máa ń gbà? Ó wá tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ Hilux, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Mọ́mì, chassis, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, ló ń fa ẹrù. Ibẹ̀ la máa dè é mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe é. Ó gé irin tó nípọn, ó gbé e la ìdí ọkọ̀ kọjá, ó sì fi bóòtù dè é mọ́ chassis lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó lè jó o mọ́ ọn kíákíá tó bá jẹ́ pé ó ń wá ọ̀nà àtilọ sílé, ṣùgbọ́n iná wẹ́dìn máa ń sọ irin chassis di aláìlágbára níbi tó bá ti bà lé e. Bóòtù ṣeé yẹ̀ wò, ó ṣeé fún, ó sì ṣeé pààrọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n jó ìfà mọ́ nídìí tí ojú jíjó náà ti là bí ẹni la iṣu, tí awakọ̀ rẹ̀ kò sì mọ̀. Fún ibi tí wọ́n so tírélà mọ́ ọkọ̀, mi ò rí àbùkù kankan lára iṣẹ́ ọ̀gá yìí.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí, torí ó lè pa èèyàn. Tòkunbọ̀ ló kún ọjà wa. Èyí tó ti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù wá wà níbẹ̀, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá náà wà níbẹ̀, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra nínú igbá kan náà. Bọ́ọ̀lù ìfà ti Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà jẹ́ íńṣì 2, ìyẹn mílímítà 50.8. Irú Amẹ́ríkà mìíràn tún wà tó jẹ́ íńṣì 1 àti ìdá 7 nínú 8, tí kò tó mílímítà 48. Tí ẹ bá gbé wọn sórí tábìlì, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹnu tírélà bá jẹ́ ti íńṣì 2, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì kéré jù ú lọ, ó lè dáhùn "kà" bí ẹ bá tì í, ẹ ó sì rò pé ó ti mú. Tó bá wá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, ẹnu náà lè fò kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sórí bọ́ọ̀lù àti sára ẹnu tírélà. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò kí ẹ lè rí i kà. Ọ̀gá yìí fi nọ́ńbà méjèèjì hàn mí kó tó gba owó wọn lọ́wọ́ mi. 50 ni wọ́n kọ sára bọ́ọ̀lù, 50 náà ni wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀.

Ó tún kọ́ mi ní àyẹ̀wò kan tí mi ò jẹ́ fò dá. Tí mo bá ti so tírélà tán, tí mo ti ẹnu rẹ̀ pa, tí mo fi píìnì há a, màá yí jáàkì tó wà nímú tírélà sókè díẹ̀, títí ìdí Hilux á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró sínú ẹnu rẹ̀, ó ti mú nìyẹn. Bó bá yọ, ó sàn kó yọ níwájú ilé mi ju kó yọ lórí òkè lọ.

Ṣéènì ni ìjà wa àkọ́kọ́. Èyí tó kọ́kọ́ fi sí i tín-ín-rín, irú tí wọ́n fi ń so ajá. Mo kọ̀ ọ́ fún un. Iṣẹ́ ṣéènì náà ni pé bí bọ́ọ̀lù bá jáwọ́, kó mú tírélà dúró mọ́ ọkọ̀ títí èèyàn á fi ráyè dúró, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè gbé gbogbo ìwúwo tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó lọ wá méjì tó nípọn, ó sì fi ṣákù, irin ìkọ́ tó ní píìnì, há wọn mọ́ irin ìfà. A máa ń gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ imú tírélà, ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí imú bá já lulẹ̀, orí ṣéènì tó kọjá ara wọn yẹn ló máa balẹ̀ sí, kò ní í gún títì. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún yíyí kọ́nà, àmọ́ kó má gùn débi tí á máa wọ́ nílẹ̀.

Ibi tí mo ti mọ̀ dájú pé ọ̀gá yìí mọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ibi tó gbé axle, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, sí. Kò gbé e sí àárín gbùngbùn. Ó tì í sẹ́yìn díẹ̀, kí imú tírélà lè wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pín ìwúwo tírélà àti ẹrù rẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 10 sí 15 nínú rẹ̀ ló yẹ kó bà lé bọ́ọ̀lù. Tí ìdí bá wúwo jù, tírélà á máa ju ìrù. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bí eré ṣe ń pọ̀ ló ń pọ̀ sí i, títí á fi máa fa ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tí imú bá sì wúwo kọjá ààlà, ìdí ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, táyà iwájú á fúyẹ́ lórí títì, sítíárìn kò ní gbọ́ràn dáadáa mọ́, iná iwájú á sì máa ta sójú àwọn tó ń bọ̀.

Ó gbé àpò sìmẹ́ńtì 10 sínú rẹ̀ níṣojú mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé kìlógíráàmù 50 ni àpò kan. Tírélà fúnra rẹ̀ wọn 220, àpapọ̀ rẹ̀ wá di 720. Ó yá sìkéèlì lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé imú tírélà lé e, ó sì ń ti àpò sìmẹ́ńtì síwájú, ó ń fà wọ́n sẹ́yìn, títí ọwọ́ sìkéèlì fi dúró láàárín 80 sí 90. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀dà pupa, ó fa ìlà kan sínú àpótí tírélà. Ó ní ohun tó wúwo kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn sẹ́yìn. Ìlà pupa yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, torí àwọn ọmọ tó ń bá mi kó ẹ̀gẹ́ kò nílò kí n máa pariwo mọ́. Àpò tó kún wà níwájú ìlà, àpò òfìfo àti agbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí mi ò fi kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣebí Hilux lágbára. Ó lágbára láti fà á lóòótọ́. Mi ò dààmú lórí fífà, dídúró ló ń jẹ mí lọ́kàn. Tírélà mi kò ní bíréèkì tirẹ̀, ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sì sọ pé tírélà tí kò ní bíréèkì kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 750 lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Iye yìí kan náà ni òfin Yúróòpù fi pààlà: bí tírélà bá ti kọjá a, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bíréèkì sí i. Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ tiyín wò, ẹ má fi ti ẹlòmíràn ṣe. Lásìkò òjò, tí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́, àpò kan náà máa ń wúwo ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, mo sì máa ń dín in kù.

Lójú ọ̀nà ńkọ́? Títì kọnkéré láti Ọbájànà sí Kàbbà tẹ́jú, ó sì máa ń tan èèyàn láti sáré. Mi ò jẹ́ kọjá 60 níbẹ̀ bí tírélà bá wà lẹ́yìn mi. Àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ńláńlá ló ń gba ibẹ̀, bí ọ̀kan bá sì yà mí sílẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ ti tírélà, á sì tún fà á mọ́ra. Ìgbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ bóyá ẹrù yín dọ́gba. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ máa ju ìrù, ẹ di sítíárìn mú kó dúró gbọnrangandan, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ jẹ́ kí eré kú fúnra rẹ̀. Ẹ má já bíréèkì mọ́ ọn, ẹ má sì gbìyànjú láti fi sítíárìn bá a jà. Eré náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀ sí i, ohunkóhun tí àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ bá sọ fún yín.

Ní àwọn ìsọ̀kalẹ̀ tó wà láàárín òkè wa, mo máa ń wọ jíà kékeré kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá mi di ọkọ̀ mú. Bíréèkì tí èèyàn bá tẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò á gbóná, kò sì ní mú mọ́ nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ̀ iwájú ju bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò fà á lálẹ́ rárá. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí nísinsìnyí, ọkọ̀ tó ń fa ẹrù kò sì lè tètè yí padà bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ yíyí padà: ẹ fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú bí ẹ bá ń rìn sẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ bá lọ ni ìdí tírélà máa lọ. Ẹ rọra ṣe é, ẹ ní kí ẹnìkan dúró níbi tí ẹ ti lè rí i nínú dígí.

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ náà kò ti tẹ́ mi lọ́rùn. Iná ni. Ọ̀gá wẹ́dà kò ṣe é fúnra rẹ̀, rewáyà kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe é, ó sì ṣe é bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ó fi bọ́ọ̀lù ìfà ṣe ọ̀nà tí iná máa gbà padà sí ọkọ̀. Gíríìsì wà lára bọ́ọ̀lù, ìpẹtà náà wà níbẹ̀, nítorí náà tíráfíkétọ̀ á máa tàn, á máa kú, bí mo bá sì tẹ bíréèkì, gbogbo iná ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú. Wáyà ilẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà, gbọ́dọ̀ dá wà, láti ara tírélà wọ inú púlọ́ọ̀gì tààrà. Wáyà funfun ni wọ́n ń lò fún un, ì báà jẹ́ púlọ́ọ̀gì onípíìnì 4 ti Amẹ́ríkà tàbí onípíìnì 7 ti Yúróòpù. Rewáyà mìíràn ní Ìyàrá ló bá mi tún un ṣe. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò rí iná bíréèkì Hilux mọ́ bí àpótí tírélà bá ti dí i, ti tírélà nìkan ló kù tó ń gbà á là. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wà níbẹ̀: tírélà ti bo tèmi, ó di dandan kí n fi nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn.

Ọ̀dà rẹ̀ náà kò lágbára. Wọn kò fọ ìpẹtà kúrò dáadáa kí wọ́n tó kùn ún, ó sì ti ń bó ní igun. Wọ́n tún fẹ́ fi táyà tòkunbọ̀ sí i fún mi. Mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà fún wọn: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, ibi yòówù kí eyín rẹ̀ ṣì ga dé. Mo fi owó kún un, mo ra tuntun. Àkókò tó dá fún mi náà yẹ̀, ó ní iná ìjọba kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kó pè mí lórí fóònù kí n tó wá.

Ọwọ́ rẹ̀ dára lẹ́yìn títà. Ó ní kí n gbé e padà wá lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ kí òun lè fún nọ́ọ̀tì táyà, torí nọ́ọ̀tì tuntun máa ń dẹ̀ bó bá ti rìn díẹ̀. Méjì nínú wọn ti dẹ̀ lóòótọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ṣe tírélà ọkọ̀ ojú omi fún àbúrò mi tó ń pẹja ní omi ìdídò (dáàmù) Òmi, ní apá Ẹ̀jìbà. Hilux mi la fi fa ọkọ̀ fáíbà rẹ̀ láti Lọ́kọ́jà, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn pẹ̀lú. Igi tí wọ́n fi rọ́bà wé ni wọ́n fi gbé ìdí ọkọ̀ náà, ó jókòó dáadáa, kò fì. Ohun tí mo fi kún un ni bẹ́líìtì lẹ́yìn. Wáyà tó fa imú ọkọ̀ mọ́ iwájú tírélà nìkan kò tó, ìdí rẹ̀ á máa fò sókè ní gálọ́ọ̀pù. Ẹ fún bẹ́líìtì ní ìlọ́po kan kó má máa pariwo nínú atẹ́gùn, ẹ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ṣeé tú, ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ìdí ọkọ̀ tó bá yọ jáde.

Létí omi, ẹ má kánjú. Àwo béárìn táyà máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Bí ẹ bá rì í sómi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé bá gíríìsì. A jókòó lábẹ́ igi títí ọwọ́ fi lè gbà á, a yọ púlọ́ọ̀gì iná, a fa hándì bíréèkì, a fi òkúta há táyà Hilux, kí a tó tú ọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a délé, mẹkáníìkì ṣí béárìn náà, ó fi gíríìsì tuntun sí i. Àbúrò mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí táyà rẹ̀ bá wọ omi.

Mi ò ní kọ iye tí mo san, torí owó irin kì í dúró sójú kan. Ó kéré gan-an sí iye tí wọ́n dá lé tòkunbọ̀ fún mi ní Èkó, kí a tó wá sọ owó gbígbé e wá. Mo rán ẹnìkan tó ní Corolla lọ bá ọ̀gá yìí, ó sì sọ fún un pé òun kò ní jó ìfà mọ́ ọn fún irú ẹrù tó fẹ́ kó. Ó pàdánù owó níbẹ̀, mo sì tún gbẹ́kẹ̀ lé e sí i.

Mo ti san àsansílẹ̀ fún èkejì báyìí, èyí tó máa ní bíréèkì tirẹ̀, irú tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ iwájú bá dẹwọ́ eré, tírélà á ti imú ara rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ á sì mú. A ti jọ kọ àdéhùn rẹ̀ sínú ìwé: táyà tuntun, ṣéènì tó nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀, fífọ ìpẹtà kúrò kí wọ́n tó kun ọ̀dà, wáyà ilẹ̀ tó dá wà, àti ìlà pupa nínú àpótí. Rewáyà ti Ìyàrá ló máa ṣe iná rẹ̀.